Ẹ̀yin Ni Kí Ẹ Máa Pe Rẹfirí

Ní ọdún tí àwọn sójà ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà, tí ènìyàn kò lè wọ ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láìkọ́kọ́ fi imú gbóòórùn ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó wà níwájú rẹ̀, Walter Ògúnsànyà náà rí iṣẹ́ tí òun fẹ́ bá ìlú ṣe. Rẹfirí ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ onípákó kan, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ kì í ti í dáhùn ìkíni rẹ̀, tí pákó náà kì í sì í dáhùn. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sátidé, tó bá ti wọ ṣòkòtò péńpé dúdú, tó fi fèrè kọ́ ọrùn, géńdé ọkùnrin méjìlélógún ni yóò máa sáré nígbà tó bá ní kí wọ́n sáré, tí wọn yóò sì dúró nígbà tó bá ní kí wọ́n dúró. Adùn tó wà nínú ìyẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Láti ọjọ́ Ajé ni Walter ti máa ń ronú nípa rẹ̀.

Wáì ni gbogbo ayé ń pe ogun tí ìjọba gbé ti ìwà àìníbàáwí lọ́dún náà. Ogun yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn rẹfirí náà. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n sì pinnu pé kóòṣì tó bá rí rẹfirí fín, kí rẹfirí lé e jáde ní pápá lójú ẹsẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí àrífín jẹ́. Wọ́n ní àwọn fi ìyẹn sílẹ̀ fún làákàyè oníkálukú. Bóyá wọn kò tíì mọ Walter dáadáa nígbà náà.

Lójú Walter, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ẹni tó bá pe rẹfirí ní "ẹ̀yin" ti bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó bá pè é ní "ìwọ" ti rí i fín. Ohun tí onítọ̀hún bá wá sọ lẹ́yìn "ẹ̀yin" tàbí "ìwọ" yẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìyẹn, kò kan ọ̀wọ̀.

Kóòṣì méjì ló kọ́kọ́ dán òfin yìí wò. Èkíní ni Bọ́dúnrìn, tí ń kọ́ àwọn ọmọ Ìmùsìn ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ Oǹdó ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, "ìwọ" ni ọmọ ń pe bàbá, "ìwọ" ni bàbá ń pe ọmọ, kò sì sí ẹni tí inú bí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Bọ́dúnrìn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ Ìmùsìn kan ṣubú, ó di orúnkún mú, ó ń yí nínú iyanrìn. Bọ́dúnrìn rọra pe rẹfirí láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ní, "Rẹfirí, jọ̀ọ́, ṣé o rí i pé ọmọ yẹn ti fara pa?" Walter fọn fèrè. Gbogbo ènìyàn rò pé nítorí ọmọ tó fara pa ni. Walter kọjá lára ọmọ náà, ó lọ bá Bọ́dúnrìn, ó bi í pé ta ló ń pè ní "o", ó sì na ìka sí géètì. Ìgbà tí Bọ́dúnrìn jáde tán ni wọ́n tó ráyè gbé ọmọ náà.

Èkejì ni Ọ̀gá Albert, kóòṣì Ayépé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì fi pankẹ́rẹ́ kọ́ Walter ní tábìlì ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré. Ahọ́n Ọ̀gá Albert dùn, ó sì mú. Bí inú bá ṣe ń bí i tó ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti Bọ́dúnrìn, Walter ṣàṣìṣe kan sí àwọn Ayépé. Ọ̀gá Albert ṣí fìlà, ó wí kí gbogbo pápá gbọ́, pé, "Rẹfirí wa, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀yin ni olórí gbogbo afọ́jú ilẹ̀ yìí, sà. Ọlọ́run yóò bá wa fún yín ní ọ̀pá tí ẹ ó máa fi wá ọ̀nà."

Walter tẹrí ba díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Susannah, ìyàwó Walter, ti gbọ́ ti Bọ́dúnrìn tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́ ti Ọ̀gá Albert lọ́jà kí ọkọ rẹ̀ tó délé. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bí ó ṣe ń jẹun. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Rose, tí ènìyàn bá ní 'ẹ jẹ́ òmùgọ̀, sà,' ṣé 'sà' yẹn ti mú òmùgọ̀ ibẹ̀ kúrò ni?"

Walter ní kò mọ òfin bọ́ọ̀lù. Susannah ní lóòótọ́ ni, òun kò mọ̀ ọ́n, Yorùbá nìkan ni òun gbọ́. Ó wá rán ọkọ rẹ̀ létí pé ìyá tó bí ìyá Walter fúnra rẹ̀, tó kú sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, "ìwọ" ni obìnrin náà ń pe baálé àti olóyè àti àlejò títí ó fi dákẹ́, kò sì sí ẹni tó na ìka sí géètì fún un. Walter ní ìyá àgbà kì í ṣe kóòṣì. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, nítorí pé nígbà tí Walter bá ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdáhùn, ó máa ń rò pé òun ló borí.

Kì í ṣe pé Walter kúkú burú. Ó ní àlá kan tó ń lá lójú ọ̀sán. Ó fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ ṣe rẹfirí ní pápá ńlá tó wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí ènìyàn ti ń jókòó lórí àga tí a tò sókè bí àtẹ̀gùn, kí ọkùnrin orí rédíò sì wí pé, "Ẹni tí fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ni Ọ̀gbẹ́ni Walter Ògúnsànyà." Nígbà mìíràn, tí ó bá dúró láàárín pákó, tí oòrùn ń gba ihò pánù wọlé, tí iyẹ̀ pákó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ bí wúrà, ó máa ń gbọ́ ohùn náà kedere. Ṣùgbọ́n láti dé ibẹ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ ní báàjì. Láti ní báàjì, ọ̀gá kan láti Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ wá wo ènìyàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ránṣẹ́ pé Ọ̀gbẹ́ni George ń bọ̀ wá wo Walter níbi àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Ìjẹ̀bú, ìyẹn ìdíje àárín Ìmùsìn àti Ayépé. Tó bá yege, báàjì wọ àyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá pàdánù, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún rántí rẹ̀.

Ìròyìn náà dé Ìmùsìn. Kúbúrátù tó ni ilé tí Bọ́dúnrìn ń gbé pè é jókòó, ó ní wọn kò ní gba ife lọ́wọ́ àwọn nítorí ẹnu ará Oǹdó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ní nǹkan tó rọrùn ni, kó ṣáà máa fi "ẹ" sínú ohunkóhun tó bá ń sọ, kó sì fi "sà" pa á dé. Kò gbà á láyè kó mu omi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi, sà." Bọ́dúnrìn ní ṣé obìnrin náà ń jẹ́ sà ni. Kúbúrátù ní kó má bi òun ní ìbéèrè, kó máa sọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Ọ̀gbẹ́ni George dé láti Abẹ́òkúta nínú ọkọ̀ Pijó aláwọ̀ eérú. Àgbàlagbà ni, ó tinrín, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sùn, ṣùgbọ́n kò sùn. Ó pe Walter, ó ní, "Ìwọ ni Ògúnsànyà? Mo ti gbọ́ nípa rẹ. Wọ́n ní o le." Walter dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀. "Ìwọ" tí Ọ̀gbẹ́ni George pè é yìí kò dùn ún rárá. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Kó lè hàn pé òun le lóòótọ́, Walter pe kóòṣì méjèèjì sí àárín pápá níwájú Ọ̀gbẹ́ni George, ó sì ké òfin rẹ̀ sókè débi tí àwọn tó jókòó lórí ògiri pápá fi gbọ́. Ó ní òun kò ní ojúsàájú. Òfin kan náà ni fún ọmọdé àti àgbà, fún onílé àti àlejò. "Ẹnikẹ́ni tó bá pè mí ní 'ìwọ' lónìí, géètì ni. N kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gbẹ́ni George bi í pé ṣé bó ṣe máa ṣe é nìyẹn títí bọ́ọ̀lù yóò fi parí. Walter ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọ̀gá Albert ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ ṣeun, rẹfirí wa." Ó wá kan Bọ́dúnrìn. Ó rántí "ẹ," ó rántí "sà," ó tò wọ́n pọ̀, ó ní, "Rẹfirí, mo kí ẹ, sà."

Walter gbé ọwọ́ sókè, ìka rẹ̀ ti ń wá ojú géètì. Ó wá dúró. Ó gbọ́ "ẹ" níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe "ẹ" tó yẹ, torí pé "mo kí yín" ni ọlọ́wọ̀ ń sọ. "Ẹ" tí ènìyàn fi ń kí ọmọ rẹ̀ ni Bọ́dúnrìn mú. Síbẹ̀, "ẹ" ni. Walter wo Ọ̀gbẹ́ni George, ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi họ orí.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìdajì àkọ́kọ́, Ọ̀gá Albert kò sinmi. Ó ní kí Ọlọ́run bá àwọn fún ìyá tó bí rẹfirí ní sùúrù, torí ìyà jẹ wọn, sà. Ó ní ẹsẹ̀ yín dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n so mọ́gi, sà, ẹ ò ṣe rọra máa sáré, kẹ́ ẹ má baà ṣubú lù wá. Gbogbo rẹ̀ ni Walter ń fi ẹ̀rín gbà. Ní òdìkejì, Bọ́dúnrìn ń bá "ẹ" jìjàkadì bí ẹni tó wọ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Nígbà tí kò mọ ẹni tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí mọ́, ó kúkú ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tó wà ní pápá. Ó ní kí ẹ̀yin gólì ẹ fò, sà. Bọ́ọ̀lù gba orí ògiri kọjá, ó ní, "Wọ́n ti jáde, sà." Ewúrẹ́ kan gba ẹ̀yìn ilé bọ́ọ̀lù wọlé, Bọ́dúnrìn sì bẹ̀ ẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé ẹni tí wọ́n wá ṣe alátìlẹ́yìn fún. Walter nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń dọdẹ "ìwọ" kan ṣoṣo, kò sì rí i.

Ìdajì kejì ti ń lọ sópin, kò sẹ́ni tó gbá góòlù wọlé, nígbà tí ọmọ Ìmùsìn kan gbá bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà sínú ilé, tí ọmọ Ayépé kan sì na ọwọ́, ó pa á bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Pẹ́náritì ni. Ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ mọ̀ pé pẹ́náritì ni. Ó sì yẹ kí a sọ òótọ́, Walter mọ òfin bọ́ọ̀lù. Ó fọn fèrè, ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Nígbà náà ni ahọ́n Ọ̀gá Albert já ìjánu. Ó sáré wọ inú pápá, fìlà rẹ̀ ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Walter. Ìwọ Walter. Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nílé ìwé nìyẹn?"

Àwọn tó wà lórí ògiri dìde dúró. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ òfin náà, torí Walter fúnra rẹ̀ ló ké e tó bẹ́ẹ̀.

Walter gbé ọwọ́ sókè láti na ìka sí géètì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò lọ síbẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó bo ìdí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́ tí Ọ̀gá Albert bá ti gbé pankẹ́rẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti apá àwọn Ìmùsìn. Walter gbọ́ ọ. Ó rò ó pé tí òun bá lé Ọ̀gá, láti Ayépé dé Òde ni wọn yóò máa sọ ọ́ pé ọmọ Ògúnsànyà lé tíṣà tó kọ́ ọ ní ABD bí ẹni lé ajá. Ó tún rò ó pé tí òun kò bá lé e, òfin òun ti dòfo lójú ẹni tó gbé báàjì wá. Àti pé, ká sòótọ́, àgbàlagbà tó pe ọmọ tó kọ́ ní "ìwọ," èwo ni àrífín níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kò bi ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sì bi í nígbà náà pẹ́. Ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn.

Ó yíjú sí gbogbo ènìyàn. "Rẹfirí kọ́ ni Ọ̀gá ń bá wí," ó ní. "Walter ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀rọ̀ ilé ni."

Kí inú Ọ̀gá tún lè rọ̀ dáadáa, ó gbé bọ́ọ̀lù kúrò ní ojú pẹ́náritì, ó lọ gbé e sí ìta ìlà, ó ní ibẹ̀ ni ọwọ́ ti kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ìmùsìn gbá a, ó lọ bá ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé.

Bọ́dúnrìn dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rìn wá sí ojú ìlà, kò bínú, kò pariwo, ojú rẹ̀ tutù.

"Walter, ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi sọ fún rẹfirí pé ojú rẹ̀ fọ́, ó sì ń bẹ̀rù pankẹ́rẹ́. Kí o sì bá mi kí i dáadáa."

Kò sí ẹni tó gbọ́ fèrè tí Walter fọn, torí ariwo ẹ̀rín. Kódà àwọn ọmọ Ayépé di ikùn mú. Ìka rẹ̀ ti wà ní ojú géètì kó tó rántí pé ó yẹ kó ronú. Bọ́dúnrìn bèèrè pẹ̀lú sùúrù pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ń lé òun, kí òun lè mọ ẹni tí òun yóò dá lóhùn. Walter kàn ń na ìka. Bọ́dúnrìn kó omi àti aṣọ ìnura rẹ̀. Nígbà tó dé géètì, ó yíjú padà. "Walter, ó dàbọ̀," ó ní. "Rẹfirí, ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Àwọn Ayépé gbá góòlù kan wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gba ife. Ọ̀gá Albert bọ Walter lọ́wọ́, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé yóò wúlò. Walter kò gbọ́ tán. Ojú rẹ̀ wà lára Ọ̀gbẹ́ni George, tó jókòó síbi tábìlì tí wọ́n gbé ife sí tẹ́lẹ̀, tí báàjì náà sì wà níwájú rẹ̀ lórí aṣọ funfun, kékeré, ó ń dán.

Ọ̀gbẹ́ni George ní kó sún mọ́ tòsí. Ó bi í pé ọkùnrin Oǹdó yẹn, ta ló pè ní ìwọ.

"Walter ni, sà."

"Ta ló wá lé e jáde?"

"Rẹfirí ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni George mi orí. Ó gbé báàjì náà, ó fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó ní, "n kò rí irú yín rí. Kí n má purọ́ fún yín. Ẹ̀yin yìí, ẹ yà mí lẹ́nu."

Walter gbọ́ ọ. *Yín. Ẹ̀yin.* Ẹni tó pè é ní "ìwọ" kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ti ń pè é ní "ẹ̀yin" báyìí. Àyà rẹ̀ wú, ó gbé e síwájú díẹ̀ níbi tí báàjì máa ń wà, ó sì dà bíi pé ọkùnrin orí rédíò ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe níbì kan.

"Báàjì kan ṣoṣo ni mo mú wá," Ọ̀gbẹ́ni George ní. "Ẹ̀yin sì jẹ́ méjì. Ẹ lọ jókòó, kẹ́ ẹ pinnu láàárín ara yín ẹni tó máa lò ó nínú rẹfirí àti Walter. Tẹ́ ẹ bá ti pinnu, kí onítọ̀hún wá bá mi l'Abẹ́òkúta. Kí ẹnì kejì jọ̀ọ́ jókòó sílé."

Ó ju báàjì náà sápò, ó dìde, ó lọ. Walter ti dọ̀bálẹ̀ tipẹ́, ó ń sọ pé ẹ ṣé, sà, ẹ ṣé púpọ̀, sà, Pijó náà sì ti jáde ní géètì kí ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú rẹ̀.